Géèjì Mẹ́ta Nínú Píkọ́ọ̀pù Wàhábì

Ní Igbó-Ọrà, bí iná mọ́tò bá kú, ọ̀dọ̀ Malachi Fẹ̀hìntọlá ni ọ̀pọ̀ awakọ̀ ń gbé e lọ. Rìwáyà ni, ìyẹn ẹni tó ń tún wáyà iná ọkọ̀ ṣe, ó sì ti tó ọgbọ̀n ọdún tó ti ń ṣe iṣẹ́ náà lábẹ́ igi máńgòrò kan lójú ọ̀nà Ìdèrè. Èèyàn jẹ́jẹ́ ni, kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni kán òun lójú. Àwọn awakọ̀ máa ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé ẹni tó bá gbé mọ́tò lọ bá Bàbá Àdúràọlá, bí wọ́n ṣe ń pè é, láàárọ̀, kó yáa di ẹ̀kọ lọ́wọ́, torí ibẹ̀ ni yóò ti jẹun ọ̀sán. Síbẹ̀, ọ̀dọ̀ rẹ̀ náà ni wọ́n ń padà sí, nítorí ohun tó bá tún ṣe kì í tètè bàjẹ́. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni wọ́n kán an lójú tó sì gbà.

Wàhábì ló kán an lójú. Píkọ́ọ̀pù àtijọ́ kan ló fi ń kó ẹ̀gẹ́ láti àwọn abúlé tó wà lọ́nà Igangan. Gbogbo abẹ́rẹ́ tó wà níwájú awakọ̀ nínú ọkọ̀ náà ló ti kú kó tó rà á. Lẹ́ẹ̀rùn tó kọjá, omi gbẹ nínú ẹ́ńjìnnì, kò mọ̀, ó ń wà á lọ títí ẹ́ńjìnnì fi jóná. Oṣù mẹ́rin ló fi jókòó sílé. Nígbà tó rí ẹ́ńjìnnì mìíràn rà, ó ra géèjì mẹ́ta pẹ̀lú rẹ̀ ní Ìbàdàn: ọ̀kan láti máa wo ooru omi, ọ̀kan fún ọ́ìlì, ọ̀kan fún agbára bátìrì. Ó ní òun kò ní máa wakọ̀ bí afọ́jú mọ́.

Malachi gé irin pẹlẹbẹ kan, ó lu ihò mẹ́ta sí i, ó ki àwọn géèjì náà bọ̀ ọ́, ó sì dè é mọ́ ibi tí ojú awakọ̀ yóò ti máa rí i láì tẹrí ba. Ó wá ku wáyà. Láti fa wáyà láti ibi ẹ́ńjìnnì wọ iwájú awakọ̀, ó ní láti lu ihò sára irin tó pààlà láàárín ẹ́ńjìnnì àti ibi tí èèyàn ń jókòó sí. Ihò tuntun lára irin máa ń mú bí abẹ. Nítorí náà, Malachi a máa gé rọ́bà roboto láti àtẹ́lẹsẹ̀ sílípáàsì tó ti gbó, a fi yí ẹnu ihò náà ká, kí irin má baà rẹ́ wáyà. Ó gé rọ́bà náà láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, ó sì gbé e sórí tábìlì iṣẹ́.

Àfi bí Wàhábì ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í kán an lójú. Ó ní ẹ̀gẹ́ tí wọ́n ti hú láti àná ń bàjẹ́ lọ, ó ní ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń lọ̀ ọ́ lábúlé kò ní epo, ó ní ìyàwó òun ti dúró títí. Nígbà tó sì rí i pé Malachi ń wá fíúùsì, ohun kékeré tó máa ń já kí iná má baà jó wáyà, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ̀bálẹ̀. Àwọn awakọ̀ oko kò fẹ́ràn fíúùsì. Bó bá já nínú igbó, ta ni yóò rí òmíràn rà? Wọ́n a ní kí rìwáyà fa wáyà tààrà láti orí bátìrì. Malachi kì í gbà, nítorí ó mọ̀ pé bí irú wáyà bẹ́ẹ̀ bá kan irin, kò sí ohun tí yóò dá iná dúró títí yóò fi jó bí àbẹ́là. Lọ́jọ́ yẹn, ó gbà. Ó fà á tààrà, ó dé bọ́nẹ́ẹ̀tì. Làtíífàt, ìyàwó Wàhábì, gbé ọmọ ọwọ́ wọn wọ ọkọ̀, ó ki kẹ́ẹ̀gì epo bẹntiróòlù sáàárín ẹsẹ̀ rẹ̀ kó má baà dà, wọ́n sì lọ.

Kò tó ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lẹ́yìn náà, bí Malachi ṣe ń palẹ̀ tábìlì mọ́, ni ọwọ́ rẹ̀ ba rọ́bà náà.

Ó dúró, ó ń wò ó. Ó rántí pé òun kò fi í sí ẹnu ihò náà. Ó pe Wàhábì lórí fóònù, kò lọ. Ó tún pè, kò lọ. Kò sí nẹ́tíwọ̀kì lọ́nà oko. Ó kó wáyà díẹ̀, rọ́bà àti fíúùsì sápò, ó gun ọ̀kadà rẹ̀, kò tilẹ̀ ti ìsọ̀.

Gbogbo gegele tó bá gùn lójú ọ̀nà ló ń ká a lára, torí ó mọ̀ pé píkọ́ọ̀pù náà ti gùn ún ṣáájú òun, ìgbà kọ̀ọ̀kan tó bá sì mì, irin yóò tún fá wáyà náà sí i. Ó kọjá Ìdèrè. Lọ́ọ̀ọ́kán, ó rí èéfín dúdú tó ń gòkè lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì. Ohun tó kọ́kọ́ sọ sí i lọ́kàn ni pé ilẹ̀kùn ẹ̀gbẹ́ Làtíífàt kì í ṣí láti inú. Òun fúnra rẹ̀ ti na ọwọ́ gba ojú fèrèsé ṣí i láàárọ̀ náà. Ó gbìyànjú àdúrà, àmọ́ orúkọ Jésù nìkan ló ń jáde lẹ́nu rẹ̀, kò rí nǹkan kan fi kún un.

Nígbà tó dé ibẹ̀, àgbẹ̀ kan ló ń sun koríko oko rẹ̀. Ọkùnrin náà sọ fún un pé píkọ́ọ̀pù kan ti kọjá, wọ́n tilẹ̀ fọn fèrè kí òun.

Nígbà tó dé abúlé náà, ọkọ̀ wà lábẹ́ igi, ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ń ṣiṣẹ́, wọ́n ti kó ẹ̀gẹ́ dé ìdajì ẹ̀yìn. Ọmọ ọwọ́ náà sùn lórí ìjókòó iwájú. Wàhábì ń fi géèjì han àwọn àgbẹ̀ mẹ́ta láti ojú fèrèsé.

"Ọ̀gá tó ṣe é gan-an ló dé yìí," ló wí. "Bàbá Àdúràọlá, èyí tó wà lọ́tùn-ún yìí tiẹ̀ ń jó. Bí ọ̀nà bá ti ń gbọ̀n wá báyìí, á fò sílẹ̀, á tún fò sókè."

Géèjì bátìrì ni; wáyà ti ń kan irin nìyẹn.

"Pa ẹ́ńjìnnì. Gbé ọmọ yẹn jáde."

Ohùn tó fi sọ ọ́ ló mú kí Wàhábì ṣe bẹ́ẹ̀ láì bèèrè ìdí. Malachi ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó já orí bátìrì, ó sì fa wáyà náà jáde kúrò nínú ihò. Ara rẹ̀ ti là, bàbà inú rẹ̀ ti yọ síta, ẹnu ihò náà sì ti dúdú níbi méjì. Ó ṣeé ṣe kó parọ́ pé wáyà náà ni kò dára. Àwọn àgbẹ̀ ń wò ó, ọgbọ̀n ọdún orúkọ rere sì kì í ṣe nǹkan kékeré. Ó gbé wáyà náà sókè kí Làtíífàt lè rí i.

"Mo gbàgbé rọ́bà," ló wí. "Mo sì fà á láìsí fíúùsì. Iná ì bá ti ràn lẹ́sẹ̀ yín."

Wàhábì fẹ́ fi ṣe àwàdà, ó ní iná tó rí òun tó sì kọjá, òun pẹ̀lú rẹ̀ ti di ọ̀rẹ́. Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Malachi fa wáyà tuntun, ó fi rọ́bà yí ihò ká, ó de fíúùsì mọ́ ẹ̀bá bátìrì. Wàhábì kò sọ̀rọ̀ fíúùsì mọ́.

Nígbà tí ẹrù pé, Làtíífàt kò wọ ọkọ̀. Ó ti pọn ọmọ rẹ̀, ó sì ti bẹ Tàófíìk, ọ̀kan nínú àwọn àgbẹ̀ náà, pé kó fi ọ̀kadà Malachi gbé òun tẹ̀lé ọkọ̀.

"Bàbá Àdúràọlá," ló wí, "ẹ̀yin lẹ máa jókòó síbi tí mo jókòó sí. Bí ẹ bá dé Ìdèrè láyọ̀, màá mọ̀ pé ó dára."

Ọkọ rẹ̀ bá a wí pé àgbàlagbà kọ́ ni wọ́n ń sọ̀rọ̀ sí báyẹn. Malachi ní kó fi í sílẹ̀. Ó wọ ọkọ̀.

Ní gbogbo ọ̀nà náà, òórùn kankan tó bá gbọ́, ì báà jẹ́ ti èéfín tàbí ti ọ́ìlì, á bojú wo abẹ́ irin. Ó ń wo abẹ́rẹ́ ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún. Abẹ́rẹ́ náà dúró, kò mì, àmọ́ Malachi kò gbà á gbọ́. Ní ìgbà mẹ́rin ló tẹ̀ síwájú tó fi ọwọ́ kan wáyà lábẹ́ irin.

Ní Ìdèrè, wọ́n dúró. Làtíífàt sọ̀ kalẹ̀ lórí ọ̀kadà, ó ṣí ilẹ̀kùn, ó sì na ọwọ́ kọjá orúnkún Malachi. Ẹ̀yìn ọwọ́ ló fi kan wáyà náà, bí ìgbà tí èèyàn bá ń wò ó bóyá ara ọmọ gbóná. Ó pẹ́ níbẹ̀.

"Ó tutù," ló wí. "Ṣùgbọ́n ẹ má tíì sọ̀ kalẹ̀ o. Ó di Igbó-Ọrà."

Malachi fa ẹsẹ̀ rẹ̀ wọlé, Wàhábì sì tún wa ọkọ̀ lọ.