Ilẹ̀ Tó Dùbúlẹ̀ Ti Ilẹ̀

Èéfín ẹja ìyá mi ń ta mí lójú lọ́jọ́ tí ọ̀rọ̀ òyìnbó kan gbà mí lọ́kàn, ní Ẹ̀pẹ́, láàárín àwọn ọdún 1950. Mo ń kọ́ṣẹ́ aránṣọ ní Ìkòròdú, mo wálé ọdún Iléyá, mo sì ka ara mi sí ọ̀mọ̀wé nítorí pé mo lè ka àkọlé ṣọ́ọ̀bù. Pèrègún ló pààlà láàárín ibi tí ìyá mi ti ń yan ẹja àti ilẹ̀ aládùúgbò wa. Ọmọkùnrin ilé náà tó ti Èkó dé fẹ́ kọ́ pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, ó ní àwọn pèrègún yẹn ti wọ inú ilẹ̀ àwọn. Bó bá rí i gbà, ààrò ìyá mi lọ nìyẹn, oúnjẹ wa náà sì lọ.

Ọ̀gá tó wá wọn ilẹ̀ nawọ́ sí ọ̀dọ̀ wa, ó ní ilẹ̀ wa jẹ́ "adjacent" sí tiwọn. Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, kí nìyẹn?"

"Ọ̀rọ̀ àwọn ará Róòmù àtijọ́ ni. 'Ad' ni ẹ̀bá, 'jacere' ni kí nǹkan dùbúlẹ̀. Ohun tó dùbúlẹ̀ sẹ́bàá òmíràn ni. Kò pọn dandan kí wọ́n fara kanra."

Ìyá mi bú sẹ́rìn-ín. "Ilẹ̀ ń dùbúlẹ̀! Ṣé ó rẹ̀ ẹ́ ni?"

Ẹ̀rín náà ò tíì tán tí àwọn lébìrà fi fa pèrègún àkọ́kọ́ tu. Bí ìyá àgbà ilé aládùúgbò wa ṣe já jáde nìyẹn, tòun ti búta àlùwàlá lọ́wọ́.

"Ẹ dá ọkọ́ yín dúró! Ṣé bàbá mi lẹ fẹ́ hú ni? Ibí ló dùbúlẹ̀ sí! Bàbá àgbà ìyá ẹlẹ́ja yìí ló wà lápá ọ̀hún. Ọmọdé ni mí nígbà tí wọ́n sin àwọn méjèèjì. Àwọn fúnra wọn ló ní kí wọ́n sin àwọn sétí ààlà, kí ọmọ ẹnikẹ́ni má baà yẹ̀ ẹ́!"

Ọkọ́ bọ́ lọ́wọ́ lébìrà. Orí mi wú. Ìyá mi, tó ti ń dáná níbẹ̀ láti ìgbà tó ti gbọ́njú, ò mọ̀ pé ẹ̀gbẹ́ bàbá àgbà òun lòun ń jókòó sí. Ó ká ọwọ́ lérí. Ará Èkó wa jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ pẹ̀lú ṣòkòtò funfun rẹ̀.

"Kí lò ń wò?" ni ìyá àgbà wí. "Dìde, gbìn ín padà."

Ó gbìn ín padà. Ó kọ́lé rẹ̀ sẹ́yìn. Bọ́mọdé láṣọ bí àgbà, kò lè lákìísà bí àgbà.

Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń tọpa ọ̀rọ̀ yẹn. Ìwé atúmọ̀ èdè ti gbó mọ́ mi lọ́wọ́. Ibi tí mo bá a dé báyìí ni pé "jacere" tó jẹ́ dídùbúlẹ̀ àti "jacere" tó jẹ́ jíjù, ìdí kan náà ni wọ́n ti wá: ohun tí a bá jù sílẹ̀ ló ń dùbúlẹ̀. Ẹnu yà mí títí. Ṣùgbọ́n bí mo bá dé ìdí pèrègún wa, mo máa ń bá àwọn ará Róòmù jiyàn. Kò sẹ́ni tó ju àwọn bàbá méjì yìí sílẹ̀. Wọ́n yan ibẹ̀ ni.