Ìyálẹ̀ta Ni Sátẹ́láìtì Àdíját Ń Kọjá

Bàbá Àmúsà, ládàánì mọ́ṣáláṣí àdúgbò wa ní Ẹgbẹ́dá, kì í gbọ́kàn lé aago. Ọ̀pá kan ló rì mọ́ àgbàlá, Àdíját ọmọ rẹ̀ ló sì máa ń rán pé kó lọ wo òjìji ọ̀pá náà kí òun tó pe ìrun ọ̀sán. Ọmọ náà ń wo òjìji títí ó fi wọ yunifásítì, títí ó fi dẹni tó ń ṣètò ọ̀nà tí sátẹ́láìtì ń gbà yí ayé po. Èyí tó ṣètò ọ̀nà rẹ̀ gòkè lọ́dún 2014. Kò jìnnà bí òṣùpá o. Bí èèyàn bá na ọ̀nà tó lọ láti ibí dé Kánò sókè ọ̀run, yóò gùn kọjá ibi tó wà.

Nígbà tí Àdíját wálé, Bàbá ti kéde fún gbogbo wa pé lẹ́yìn ìrun Mọ̀gàríbì, sátẹ́láìtì ọmọ òun á kọjá lókè Ẹgbẹ́dá. Kò bi ọmọ léèrè! A kúkú mọ̀ ọ́n, ẹnu rẹ̀ a máa ṣáájú ẹsẹ̀. A pé sí àgbàlá. Alájì Àjíṣafẹ́, tó máa ń fi Bàbá ṣe yẹ̀yẹ́ pé òfò ni ìwé ọmọbìnrin, ló gba àga iwájú.

Kò pẹ́, ìmọ́lẹ̀ kan yọ láti ìhà Ìkọ́tún, ó ń lọ jẹ́ẹ́. Bàbá di ọwọ́ ọmọ rẹ̀ mú.

"Àdíját, tìẹ nìyẹn, àbí?"

Ta ni ì bá mọ̀? Èmi gan-an ń bẹ Ọlọ́run pé kí Àdíját purọ́.

"Rárá, Bàbá mi. Ti ẹlòmíì ni. Ìyálẹ̀ta ni tèmi ń kọjá. Ìmọ́lẹ̀ oòrùn ò ní jẹ́ kẹ́ ẹ rí i."

Àjíṣafẹ́ bú sẹ́rìn-ín. Ojú ti Bàbá, àánú rẹ̀ sì ṣe mí.

"Ọ̀pá yín yìí ni mo ti kọ́ iṣẹ́ yìí," Àdíját ní. "Oko ni sátẹ́láìtì mi ń yà ní fọ́tò. Kí òjìji inú fọ́tò má baà máa yí padà, mo ṣe ọ̀nà ẹ̀ kó máa bá oòrùn rìn. Ọjọ́ tó bá ti gba ibí lójúmọmọ, ìyálẹ̀ta náà ni. Ọ̀la ló tún ń bọ̀."

 Bàbá wá kọjú sí Àjíṣafẹ́.

"Alájì, tí mo bá ń pe ìrun àsùbáà, ṣé ẹ máa ń rí mi?"

"Ibo ni mo ti fẹ́ rí yín? Orí bẹ́ẹ̀dì ni mo wà jàre."

"Síbẹ̀, ohùn mi ń dé lásìkò."

Lọ́jọ́ kejì, ní ìyálẹ̀ta, mo rí Bàbá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀pá rẹ̀. Ó wo òjìji, ó ní àsìkò ti tó, ó sì juwọ́ sójú ọ̀run tí a ò rí nǹkan kan níbẹ̀. Alájì Àjíṣafẹ́ dúró lẹ́yìn rẹ̀, òun náà gbójú sókè.