Ìrọ̀lẹ́ Tí Gbogbo Ilé Pa Fáànù

Ooru ni mo máa ń kọ́kọ́ rántí, àti bí ilé ṣe dákẹ́ nígbà tí fáànù gbogbo yàrá dúró lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹni tó bá ti gbé ilé ìgbé akẹ́kọ̀ọ́ ní Accra rí lásìkò ìdánwò yóò mọ̀ pé kò sí àṣẹ ọ̀gá kankan tó lè mú irú rẹ̀ ṣẹlẹ̀. Tinútinú ni àwọn ará ilé fi ṣe é, nítorí ọmọbìnrin kan tí ọ̀pọ̀ wọn kò bá sọ̀rọ̀ rí.

Alájọgbé mi ni ọmọbìnrin náà. Láti erékùṣù kékeré kan ní òdìkejì òkun ló ti wá kàwé ní yunifásítì wa. Ní tèmi, Accra ni wọ́n bí mi sí. Ìyá mi ń ta aṣọ ní Madina, Yorùbá ni a ń sọ nílé, Anago, bí wọ́n ti ń pe Yorùbá ní Ghana, sì ni àwọn ọ̀rẹ́ mi ń pè mí. Ní ọdún tí à ń múra àtiparí ẹ̀kọ́ wa, ìjì líle kan jà ní erékùṣù wọn. A rí i lórí fóònù wa: òrùlé ń fò bí ìwé, igi àgbọn dùbúlẹ̀, òkun wọ àárín ìgboro. Láti ọjọ́ náà ni fóònù ìyá rẹ̀ kò ti lọ mọ́, ìyá yẹn nìkan ló sì ní láyé. Ó pè é títí, kò rí i. Èmi tí mo máa ń ṣàníyàn lórí ohun tí kò tó nǹkan, mi ò mọ ohun tí ǹ bá sọ. Bí mo bá ní kó fọkàn balẹ̀, ó ń ṣe mí bíi pé irọ́ ni mò ń pa. Bí mo bá dákẹ́, ó ń ṣe mí bíi pé mo ti gbà pé ìyá ti kú. Ni mo bá ń gbá yàrá lójoojúmọ́, bíi pé ìdọ̀tí ló fa ìjì.

A dúpẹ́ pé àwọn ará yunifásítì wa gbọ́n jù mí lọ. Obìnrin tó ń ta waakye, ìrẹsì ẹlẹ́wà, lẹ́nu ọ̀nà ń bu oúnjẹ pamọ́ fún un, á ní, "Due, ọmọ mi, due," bí wọ́n ti ń báni kẹ́dùn ní èdè Twi. Olùkọ́ kan ní ẹ̀ka ìmọ̀ ẹ̀rọ ní ìwé àṣẹ láti máa fi rédíò bá àwọn ará òkèèrè sọ̀rọ̀. Ó gbọ́ pé àwọn onírédíò bíi tirẹ̀ ṣì wà ní erékùṣù náà, tí wọ́n ń fi bátìrì ọkọ̀ ṣiṣẹ́, tí wọ́n sì ń bá àwọn ènìyàn wá ẹbí wọn. Ilé wa ló ga jù lórí òkè, nítorí náà àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ gbé rédíò wá sí yàrá ìkàwé wa lókè pátápátá. Wọ́n gun òrùlé, wọ́n ta wáyà láti òpó dé òpó. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n tan án, ariwo bí ìgbà tí ata bọ́ sínú epo gbígbóná nìkan ni a gbọ́.

Olùkọ́ náà nu ojú. "Gílóòbù yín, ṣájà yín, fáànù yín, gbogbo wọn ló ń pariwo sí rédíò létí. Bí ilé yìí kò bá dákẹ́, a ò ní gbọ́ nǹkan kan."

Ààrẹ ilé wa, gìrìpá ọmọkùnrin kan tí ohùn rẹ̀ kò nílò máìkì, bẹ̀rẹ̀ sí í kan ilẹ̀kùn láti yàrá dé yàrá.

"Charley, ọ̀rẹ́ mi, ọ̀la ni ìdánwò mi o!" ni akẹ́kọ̀ọ́ òfin kan ké.

"Ìyá tìrẹ ńkọ́?" ni ààrẹ dá a lóhùn. "Ṣé o bá a sọ̀rọ̀ láàárọ̀ yìí?"

Onítọ̀hún pa fáànù rẹ̀. Ó gbé àga àti ìwé rẹ̀ lọ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, níbi tí oòrùn tó ń wọ̀ ṣì ti ń tàn, ó sì yà sí yàrá ẹnì kejì rẹ̀ lọ bá a pa fáànù tirẹ̀ náà. Díẹ̀díẹ̀ ni ilé ń dákẹ́, títí ariwo inú rédíò fi wálẹ̀, tí ohùn ọkùnrin kan sì jáde lábẹ́ rẹ̀ láti erékùṣù náà, níbi tí ọ̀sán kò tíì tán, ó tínrín, ó sì ti rẹ̀ ẹ́.

Olùkọ́ ti kìlọ̀ fún wa: orúkọ, abúlé, ìbéèrè kan péré, nítorí bátìrì ọkùnrin náà kò pọ̀, àwọn tó ń dúró dè é sì pọ̀. Alájọgbé mi gba máìkì, ó lanu, ẹkún ló jáde. Ó gbé e lé mi lọ́wọ́. Mo gbàgbé ìkìlọ̀ pátápátá. Ohun tí ìyá mi fi kọ́ mi láti kékeré ló bọ́ sí mi lẹ́nu.

"Ẹ káàsán o, sà. Ẹ kú ewu ìjì. Ẹ kú ìfaradà. Ṣé ara yín le? Ilé ńkọ́? Àwọn ọmọ ńkọ́? Ṣé ẹ ti jẹun?"

Gẹ̀ẹ́sì ni mo fi sọ ọ́, ṣùgbọ́n Yorùbá ni gbogbo egungun rẹ̀. Olùkọ́ fọwọ́ borí. Ààrẹ fi ìgbọ̀nwọ́ gún mi, ó sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́: "Anago! Ṣé wọ́n pè ọ́ wá síbi ìkómọ ni?"

Mo ti dá ara mi lẹ́bi tán, mo ti rò ó pé èmi ni mo pa ìrètí ọ̀rẹ́ mi. Ìgbà náà ni ọkùnrin inú rédíò náà rẹ́rìn-ín díẹ̀.

"Ọmọbìnrin, láti ìgbà tí ìjì ti jà, orúkọ ni gbogbo ènìyàn ń kà sí mi létí. Ìwọ lo kọ́kọ́ béèrè èmi fúnra mi. Rárá, mi ò tíì jẹun. Òrùlé mi ti lọ. Àwọn ọmọ wà láàyè. Ó yá, ta ni ẹ ń wá?"

Mo sọ orúkọ, mo sọ abúlé. Ó mí kanlẹ̀. Igi wó dí ọ̀nà ibẹ̀, kò tíì sí ẹni tó débẹ̀. Ó ní, "Ẹ dúró dè mí lọ́la, ní àkókò yìí. Ẹsẹ̀ ni màá fi rìn ín."

Àwọn àgbà ní ẹni tí kò kí ni kú àbọ̀ pàdánù ẹ kú ilé. Mo ti máa ń rò pé ọ̀rọ̀ àtijọ́ lásán ni.

Ní ọjọ́ kejì, ẹnikẹ́ni kò kan ilẹ̀kùn. Bí àkókò ti tó ni fáànù ń kú fúnra wọn láti ìsàlẹ̀ dé òkè, tí àwọn ènìyàn sì jókòó sórí àtẹ̀gùn pẹ̀lú òógùn lára. Akẹ́kọ̀ọ́ òfin wà níbẹ̀. Obìnrin oníwaakye gòkè wá. Àkókò kọjá, a ò gbọ́ nǹkan kan. Alájọgbé mi di ọwọ́ mi mú débi pé ìka mi kú tipiri. Nígbà tí olùkọ́ fẹ́ na ọwọ́ láti pa rédíò ni ohùn náà dé, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ.

"Mo rí i. Apá rẹ̀ kan ti kán, ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀ kò kán rárá. Ó ní kí n sọ fún ọmọ òun pé ewúrẹ́ rẹ̀ wà láàyè, àti pé òun àti ewúrẹ́ ni àwọn jọ sùn lábẹ́ tábìlì, kó má ṣe rò pé òun gbàgbé ewúrẹ́ náà síta."

Alájọgbé mi bú sẹ́rìn-ín kí ẹkún tó dé. "Òun ni! Ìyá mi ni!" Igbe tó ta láti orí àtẹ̀gùn dé ìsàlẹ̀ ilé, mi ò gbọ́ irú rẹ̀ rí, àní nígbà tí Ghana bá gbá bọ́ọ̀lù wọlé.

Ọ̀rẹ́ mi ṣe ìdánwò rẹ̀, ó sì padà lọ bá ìyá rẹ̀. Èmi ń ṣiṣẹ́ báyìí nítòsí Circle, ní àárín Accra, mo ṣì ń ṣàníyàn lórí ohun tí kò tó nǹkan, mi ò lè purọ́. Ṣùgbọ́n bí ẹnì kan tí mi ò dá mọ̀ bá kí mi láàárín èrò, mo máa ń dúró, màá dá a lóhùn dáadáa, màá béèrè ilé rẹ̀. Yàrá inú ilé yẹn pọ̀, mi ò sì mọ ojú gbogbo àwọn tó jókòó sínú ooru nítorí ìyá tí wọn kò rí rí; ẹni tó kí mi lè jẹ́ ọ̀kan nínú wọn.