Egbò Etí Odò

Màmá Télọ̀ ni wọ́n ń pè é níṣojú rẹ̀. Tó bá ti kọjá tán, ó di Ìyá Onígbó. Kí ló ṣe? Ilẹ̀ bàbá rẹ̀ tí oògùn apakoríko ti sọ di gbalasa ni kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fín nǹkan sí mọ́. Ọdún mẹ́sàn-án ló fi ń fa koríko àjèjì tu, tó ń ṣa èso ewéko ilẹ̀ wa lẹ́bàá ọ̀nà sínú àpò òwú rẹ̀, tó ń lọ gbìn ín síbẹ̀. Wọ́n ní ejò ló ń sìn. Ó ní ẹni tí ejò bá ti bù jẹ kó wá fẹjọ́ sùn.

Ilẹ̀ náà gbọ́ ẹ̀bẹ̀. Olú hù, ẹ̀fọ́ tí ẹnì kankan ò gbìn hù, egbò ewéko tí ìyá rẹ̀ fi ń tọ́jú ikọ́ náà tún yọjú létí odò. Ṣùgbọ́n Màmá Télọ̀ ò bímọ, ẹni tó máa gba igbó náà lọ́wọ́ rẹ̀ ló ń wá. Àbúrò rẹ̀ obìnrin, ọmọ ìyá rẹ̀, nìkan ni kò fi í ṣe yẹ̀yẹ́, òun nìkan ló sì fi etí odò hàn. Ó kọ́ ọ pé nínú egbò mẹ́ta, ọ̀kan ni kó wà; kó gé orí rẹ̀, kó dá a padà sínú ihò kó lè tún hù, kó kó erùpẹ̀ lé e, kó fi ewé gbígbẹ bò ó.

Àfi bí Màmá Télọ̀ ṣe débẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ kan tó rí i pé wọ́n ti wa egbò náà tán pátápátá. Ó kọ́kọ́ ń ṣépè fún ẹlẹ́dẹ̀ igbó. Ìgbà tó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ ló rí i pé ihò kọ̀ọ̀kan ti di dídí, tewétewé. Ẹlẹ́dẹ̀ wo ló ń to ewé? Ó tú ihò kan, ó tú ìkejì, kò sí orí egbò kankan níbẹ̀. Kòkòrò tó ń jẹ ẹ̀fọ́, ara ẹ̀fọ́ ló wà.

Ó bá àbúrò náà lẹ́yìnkùlé rẹ̀ tó ń sá egbò sórí ẹní. Kò tiẹ̀ purọ́. Ó ní oníṣòwò kan ló bẹ òun kí òun ta egbò náà fún un, òun sì mọ̀ pé ẹ̀gbọ́n òun ò ní gbà.

"Ẹ̀gbọ́n mi, mo ṣáà dí ihò náà bí ẹ ṣe kọ́ mi."

"Kí n má baà tètè mọ̀ lo ṣe dí i."

Ọ̀rọ̀ náà dun Màmá Télọ̀ wọra, ó sì sunkún títí tó fi délé.

Lọ́sẹ̀ kejì, ìyàwó aládùúgbò kan wá bá a ní ṣọ́ọ̀bù, ó rọra bẹ̀ ẹ́ pé kó mú òun wọ inú igbó náà, kó kọ́ òun ní ewé tó ṣeé jẹ. Ọdún mẹ́sàn-án ni Màmá Télọ̀ ti ń retí kí ẹnì kan sọ bẹ́ẹ̀. Kò gbójú kúrò lára aṣọ tó ń rán.

"Kò sí nǹkan kan níbẹ̀, ìyàwó. Igbó lásán ni."