Verlene Kò Lè Kọrin fún Ògiri

Ohùn kan wà tó dà bí oyin, òmíràn wà tó dà bí ayùn. Ti Verlene alágbàfọ̀, ará ìlú Macon, oyin ni, ayùn ni. Ayé ìgbà tí irun orí àwọn ọ̀dọ́ wa rí rogodo bí agboòrùn là ń wí. Yóò rọra bẹ̀rẹ̀ bí ẹni ń sọ àṣírí. Nígbà tó bá yá, yóò di ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo mú, yóò fà á, fà á, títí ohùn yóò fi fàya, tí igbe yóò bọ́ jáde, tí ẹni tí ò mọ ijó yóò bá ara rẹ̀ lójú agbo. Ṣọ́ọ̀ṣì ló ti kọ́ ọ. Lọ́jọ́ Sátidé, yóò gbé e lọ sílé ijó.

Ìyá Ìjọ Odessa, tó tọ́ ọ dàgbà, búra pé ẹsẹ̀ òun ò ní tẹ ibi orin ayé láéláé.

Ọ̀gbẹ́ni Clovis, tó ń ṣe àwo orin, wá fún Verlene ní ọjọ́ kan péré láti kọ orin kan: tó bá dùn, ó di àwo, tí ò bá dùn, kó padà sídìí aṣọ fífọ̀. Ní yàrá tí wọ́n ti ń gba orin sílẹ̀, Verlene kọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan, ó kọ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹsàn-án. Ohùn tutù bí ẹ̀kọ àná.

Clovis ní, "Verlene, ṣé orin nìyí àbí o ń sùn?"

"Ní ṣọ́ọ̀ṣì wa, bí mo bá pè, wọ́n á dáhùn. Ta ni mò ń kọ ọ́ fún níbí? Ògiri?"

Ló bá sáré lọ bá Ìyá Ìjọ.

"Mama, ẹ gbà mí o. Ẹ wá dá mi lóhùn."

"Níbi orin èṣù? Orí mi ò dàrú!"

"Ó dáa, ẹ kàn wá gbàdúrà fún mi."

"Àdúrà? Ìyẹn yàtọ̀."

Mama dé àkẹtẹ̀ funfun, ó mú abẹ̀bẹ̀, ó jókòó síkọ̀rọ̀ yàrá orin náà, ó dijú pinpin. Verlene bẹ̀rẹ̀. Ètè Mama ń gbàdúrà, àmọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ ti ń lu ilẹ̀. Bí ohùn ṣe fẹ́ fàya báyìí, Mama fò dìde:

"Sọ fún wọn, ọmọ mi!"

Àṣé ohun tí ohùn náà ń dúró dè nìyẹn! Igbe tí Verlene ké, igi ìlù fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ lọ́wọ́ onílù.

Clovis pariwo, "Mama, ẹ dákẹ́, ohùn yín ń wọnú àwo!"

"Ìwọ ni kó o dákẹ́! O ò rí i pé ọmọ ń sọ̀rọ̀?"

Gbogbo rẹ̀ ló wọnú àwo. Clovis tún un gbọ́, ó rẹ́rìn-ín, ó ní kí ẹnikẹ́ni má yọ nǹkan kan kúrò. Àwo náà rìn dé ìlú Detroit lọ́nà jíjìn, Verlene sì fi aṣọ fífọ̀ sílẹ̀.

Lọ́jọ́ Sọ́ńdè, àwọn ará ìjọ bi Mama léèrè:

"Ìyá Ìjọ, ta ni màmá tó ń jágbe nínú àwo Verlene?"

"N ò mọ̀ ọ́n rí," ni Mama wí. "Ṣùgbọ́n màmá yẹn gbọ́ orin o."