Òórùn Tó Kù Nínú Ààrò Ìyá Mi

Ọsàn wẹ́wẹ́, eérú àti ọṣẹ dúdú: bí àwọn wọ̀nyí bá ti pàdé lórí irin tó ṣì lọ́ wọ́ọ́rọ́, òórùn kan máa ń jáde tí n kò lè fi wé òmíràn. Bí mo bá ti gbọ́ ọ, n kò sí níbi tí mo wà mọ́. Àgbàlá wa ní Kokomlemle ni mo wà, ní Accra, ní àwọn ọdún tí Gold Coast ṣẹ̀ṣẹ̀ di Ghana, tí àsíá tuntun ṣì ń dán lójú gbogbo wa. Ọṣẹ dúdú yẹn, àwọn ará ibẹ̀ ń pè é ní alata samina, ọṣẹ àwọn Alata, ìyẹn àwa Yorùbá. Ìyá mi a máa rẹ́rìn-ín sí i. Ó ní bí wọn kò bá tiẹ̀ mọ nǹkan mìíràn nípa wa, wọ́n mọ̀ pé a máa ń fọ nǹkan.

Ààrò tí mo ń sọ kì í ṣe ààrò alámọ̀ o. Irin ni, dúdú, wúwo, ẹsẹ̀ rẹ̀ tẹ̀ bí ẹsẹ̀ ajá tó fẹ́ jókòó. Apá kan ni a ń kó èédú sí, apá kejì ní ilẹ̀kùn, ibẹ̀ ni búrẹ́dì ń wọ̀. Bàbá mi ṣe kúkù fún òyìnbó kan, nígbà tí òyìnbó náà sì ń palẹ̀ mọ́ lẹ́yìn òmìnira, ó ní kí bàbá mi máa gbé ààrò náà lọ sílé. Àwọn ọkùnrin tó bá wa gbé e bú bàbá mi láti ojú ọ̀nà títí dé àgbàlá. Ìyá mi ní tirẹ̀ fọwọ́ pa á lára bí ẹni tó ń kí àlejò, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í yan búrẹ́dì oníṣúgà tí gbogbo àdúgbò wá mọ̀ ọ́n mọ́.

Ìbejì ni wá. Èmi ni Kẹ́hìndé. Táyé kò bá wa gbé pẹ́. Ìwọ náà mọ̀ pé ẹnu kì í gbà á láti sọ pé ìbejì kú. Nílé tiwa, ohun tí wọ́n ń sọ ni pé Táyé lọ sí Èkó. Ọ̀rọ̀ ìtùnú ni fún àgbàlagbà, ṣùgbọ́n ta ló ṣàlàyé fún ọmọdé? Mo gbà á gbọ́ pátápátá. Bí àlejò bá ti Nàìjíríà dé, kí ó tó mu omi tán ni mo ti dúró sí iwájú rẹ̀: “Ẹ kú ìrìn o. Ṣé ẹ rí Táyé l’Ékòó?” Àlejò á wo ìyá mi, ìyá mi á wo ilẹ̀, àlejò á wá ní Táyé ní kí òun kí mi. Inú mi á dùn títí di alẹ́. Mo dàgbà díẹ̀ kí n tó mọ ohun tí wọ́n ń sọ, kò sì sẹ́ni tó pè mí jókòó sọ fún mi; ó kàn yé mi lọ́jọ́ kan bí mo ṣe ń ṣa ẹ̀wà.

Gbogbo ọjọ́ tí ìyá mi bá yan búrẹ́dì, ó máa ń bu fúláwà pípò kékeré kan sọ́tọ̀ fún mi. Á fi àtàńpàkò tẹ àárín rẹ̀, á da ṣúgà àti nọ́tímẹ́gì sínú kòtò náà. Búrẹ́dì mi nìyẹn. Lẹ́yìn tí a bá ti kó gbogbo rẹ̀ jáde ni fífọ̀ máa ń bẹ̀rẹ̀, kì í sì í jẹ́ kí irin tutù. “Bí ọ̀rá bá ti tutù, ó ti di ará ilé nìyẹn,” bẹ́ẹ̀ ló máa ń wí. Á gé ọsàn wẹ́wẹ́ sínú abọ́ omi, á gbé e sínú ààrò, á pa ilẹ̀kùn dé títí inú rẹ̀ á fi máa làágùn. Lẹ́yìn náà ni a ó po eérú tí a ti jọ̀ mọ́ ọṣẹ dúdú, a ó fi kùn ún, a ó jẹ́ kó jókòó díẹ̀, a ó wá fi ṣùkù àgbàdo ha á. Àkísà tútù ló máa ń parí rẹ̀. Kò sí ìnira kankan níbẹ̀, títí dòní n kò sì rí èyí tó dára jù ú lọ nínú gbogbo nǹkan inú ìgò tí àwọn ọmọ mi ń rà. Ibì kan ṣoṣo ni kì í jẹ́ kí n fọwọ́ kàn: irin pẹlẹbẹ tó bo ìsàlẹ̀. “Fi ibẹ̀ sílẹ̀, Kẹ́hìndé. Ibẹ̀ ò dọ̀tí.”

Ibà ló mú ìyá mi lọ, nígbà òjò kan. Obìnrin Gã, ọmọ onílẹ̀ Accra, tó ń gbé ẹ̀gbẹ́ wa wá dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń wí pé “Due, due,” ìyẹn ẹ pẹ̀lẹ́, ọwọ́ rẹ̀ lórí, kò sì lè wọlé. A kò dá iná sí ààrò náà mọ́. Èruku bò ó, adìyẹ ń sùn lórí rẹ̀.

Nígbà tó yá, bàbá mi fẹ́ ìyàwó mìíràn, ọmọ Yorùbá tí wọ́n bí sí Darkuman ní Accra kan náà, tí Yorùbá ẹnu rẹ̀ kún fún Twi. Àńtí ni mò ń pè é. Mo ti múra sílẹ̀ dáadáa láti kórìíra rẹ̀, ṣùgbọ́n kò fún mi láyè. Ó máa ń gé ẹran tirẹ̀ sí méjì fún mi láìwojú mi. Òun ló ní kí á dá iná sí ààrò padà. Ó nu èruku ara rẹ̀, ó kó èédú sí i, ó ń fẹ́ ẹ. Kò tíì fi nǹkan kan sínú rẹ̀ nígbà tí òórùn náà jáde: ṣúgà tó ń jó, nọ́tímẹ́gì, búrẹ́dì. Òórùn ìyá mi ni, òórùn aṣọ rẹ̀ àti ọrùn rẹ̀, ó kún gbogbo àgbàlá lọ́sàn-án gangan.

“Ei! Kẹ́hìndé, kí ló ń jó? Mi ò tíì fi nǹkankan síbẹ̀ o!”

Obìnrin Gã yọrí lókè ọgbà. “Alata,” ó pè wá, “ìyá yín ti dé?” Ó pe Ọlọ́run ní èdè rẹ̀, ó sì lọ ti ilẹ̀kùn mọ́ ara rẹ̀. Bàbá mi sáré da omi sí èédú. N kò tíì rí ojú rẹ̀ bẹ́ẹ̀ rí, àní lọ́jọ́ ìsìnkú pàápàá. Ìgbàkígbà tí a bá tún dá iná ni ó ń ṣẹlẹ̀, kò sì pẹ́ tí àwọn èèyàn fi ń gba ọ̀nà mìíràn kọjá ilé wa. Wọ́n ní ìyálé ń bínú sí ìyàwó. Àńtí bẹ̀rẹ̀ sí í kúnlẹ̀ kí ààrò náà láàárọ̀ kí ó tó gbá àgbàlá.

Ohun tí wọ́n ń bẹ̀rù yẹn ni èmi ń fẹ́. Bí kò bá sí ẹnikẹ́ni nílé, èmi á ṣí ilẹ̀kùn irin náà, màá ti orí bọ inú òkùnkùn rẹ̀, màá máa fà á símú. Ẹ̀rù ń bà mí, síbẹ̀ n kì í fẹ́ yọrí. Mo rò pé ó wà níbẹ̀. Mo rò pé bí mo bá dákẹ́ tó, yóò sọ̀rọ̀.

Bàbá mi wá ní ó tó gẹ́ẹ́. Ó ní alágbẹ̀dẹ ń bọ̀ wá gbé e, kó lọ fọ́ ọ fi rọ ọkọ́. Àńtí kúnlẹ̀. “Ẹ jọ̀ọ́, Bàbá Ìbejì, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ fọ̀ ọ́. Tó bá jẹ́ ìdọ̀tí ni, á lọ. Tó bá jẹ́ ìyálé mi ni, wọn ò ní bínú pé a tún nǹkan wọn ṣe.” Bàbá mi gbà. Kò sẹ́ni tó bi mí léèrè. Bí a bá fọ̀ ọ́, ìyá mi á bá omi ọṣẹ lọ. Bí a kò bá fọ̀ ọ́, á bá alágbẹ̀dẹ lọ. Mo gé ọsàn wẹ́wẹ́ náà pẹ̀lú omi lójú, mo sì purọ́ pé ọsàn ló ta sí mi lójú.

A ṣe é bí ìyá mi ṣe ń ṣe é gẹ́lẹ́. Èmi ni mo kọ́ Àńtí. Nígbà tí gbogbo ògiri rẹ̀ ti mọ́, ó na ọ̀bẹ sí irin pẹlẹbẹ ìsàlẹ̀. Mo ní ìyá mi kì í jẹ́ ká fọwọ́ kàn án. Àńtí ní, “Ibẹ̀ lòórùn ti ń wá, Kẹ́hìndé.” Irin náà kò gbà láti ṣí, àlàfo kan sì wà lẹ́yìn rẹ̀ tí ọwọ́ Àńtí kò lè wọ̀. Ó gbìyànjú láti rẹ́rìn-ín. “Ọwọ́ ọmọdé ò tó pẹpẹ, tàgbàlagbà ò wọ kèrègbè. Ó yá, ti tìẹ bọ̀ ọ́.”

Mo ti ọwọ́ bọ ibẹ̀. Ohun tí mo fà jáde le, ó dúdú bí èédú, kò ju ẹyin lọ. Mo tún fa òmíràn, àti òmíràn. Nígbà tí a rí irin náà ṣí tán, ìsàlẹ̀ ààrò kún fún wọn, wọ́n sùn ti ara wọn. Búrẹ́dì kékeré ni wọ́n. Kòtò àtàńpàkò wà láàárín ọ̀kọ̀ọ̀kan, ṣúgà sì ti jó dì sínú kòtò náà. Ṣúgà yẹn ni iná ń tún jó.

Àńtí jókòó sílẹ̀. “Ti Táyé ni,” ó ní. Ìyá tirẹ̀ náà bí ìbejì; ó mọ̀ pé ohun tí a bá fún ẹnì kan, a gbọ́dọ̀ fún ẹnì kejì, bó ti wù kí ọ̀nà rẹ̀ jìn tó. Àwọn ìyá ìjọ ló ń ra búrẹ́dì lọ́wọ́ ìyá mi, ìjọ wa kò sì fẹ́ gbọ́ irú àṣà bẹ́ẹ̀ sétí. Ìyá mi kò bá wọn jiyàn. Ó kàn ń ti búrẹ́dì Táyé gba àlàfo ẹ̀yìn irin náà, níbi tí ẹnikẹ́ni kò ti ní rí i, tí ẹnikẹ́ni kò sì ní jẹ ẹ́. Mo fi àtàńpàkò mi sí kòtò ọ̀kan. Ó wọ̀ ọ́ wẹ́kú. N kò mọ̀ pé ọwọ́ mi ti dàgbà dé ibẹ̀.

Bàbá mi bá wọn lórí àtẹ nígbà tó dé. Ó mú ọ̀kan, ó yí i wò. “Ìyá yín kò pe orúkọ Táyé sí mi létí rí,” ó wí. “Mo rò pé ó ti gbàgbé.”

A kì í da oúnjẹ ìbejì sí ààtàn. Àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta fi aṣọ funfun wé wọn, a sì kó wọn lọ sí etí òkun ní ìrọ̀lẹ́. Àńtí ní òkun yìí náà ló dé Èkó. A ń jù wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, omi sì ń gbà wọ́n, àfi ọ̀kan tí ìgbì gbé padà tó sì fi lé mi lẹ́sẹ̀. Mo tì í padà. Ó tún wá. Bàbá mi ló gbé e wọ inú omi dé ìbàdí, tòun ti ṣòkòtò, ó sì dúró níbẹ̀ títí tó fi lọ.

Nígbà tí a tún dá iná, kò sí òórùn kankan, àfi irin tó mọ́. Obìnrin Gã yọrí lókè ọgbà, ó yin Ọlọ́run. Èmi bú sẹ́kún, mo sunkún ju èyí tí mo sun lọ́jọ́ tí ìyá mi lọ, nítorí ìsinsìnyí ló tó lọ tán. Àńtí kò ní kí n dákẹ́. Ó bu fúláwà kékeré kan fún mi, ó bu òmíràn fún Táyé, ó tún bu ìkẹta fún ìyá mi. Ó tì wọ́n síwájú mi. “Tẹ̀ wọ́n,” ó ní. “Àtàńpàkò wọn wà lọ́wọ́ ẹ.” A tò wọ́n sáàárín búrẹ́dì yòókù, lójú gbogbo ayé.

Lẹ́yìn ọdún mélòó kan, ìwọ náà rántí, ìjọba Ghana ní kí àwọn àjèjì tí kò ní ìwé máa lọ. A kó ohun tí a lè rù. Ààrò kò ṣeé rù; obìnrin Gã ló jogún rẹ̀. Èkó ni ọkọ̀ já wa sí. Àgbàlagbà ni mí nígbà náà, mo mọ ohun tí mo mọ̀, síbẹ̀ bí mo ṣe ń sọ̀ kalẹ̀ tòun ti ẹrù lórí, ojú àwọn obìnrin tó jẹ́ ẹgbẹ́ mi ni mò ń wò, lọ́kọ̀ọ̀kan, bóyá ọ̀kan á jọ mí. Èmi kò tíì jáwọ́ nínú rẹ̀.

Èkó ni mo wà títí di òní. Mo ní ààrò tèmi, ọsàn wẹ́wẹ́ àti eérú ni mo sì ń fi fọ̀ ọ́. Láìpẹ́ yìí, ọmọ ọmọ mi obìnrin bi mí pé ta ló ni àwọn búrẹ́dì kékeré tí kò sẹ́ni tó ń jẹ. Mo ní ọ̀kan jẹ́ ti ìyá mi, èkejì sì jẹ́ ti ẹnì kan tó ti ń gbé Èkó kí èmi tó dé. Ó ní ṣé a mọ ilé wọn. Mo ní a kò mọ̀ ọ́n, ìdí nìyẹn tí mo fi máa ń ṣí fèrèsé bí búrẹ́dì bá ń jiná, kí òun náà lè fi òórùn rẹ̀ mọ ilé tiwa.