Páálí Búrẹ́dì Ọ̀gẹ̀dẹ̀ Láti Lọ́ńdọ̀nù

Ohun tó kọ́kọ́ yà mí lẹ́nu ni pé wọ́n ń fi í yangàn. Wọ́n kọ ọ́ gàdàgbà sí iwájú páálí náà pé kò sí àlìkámà kankan nínú ìyẹ̀fun tó wà nínú rẹ̀. Mo kà á, mo tún un kà. Lásìkò tí mò ń sọ yìí, ìjọba ti fòfin de àlìkámà òkè òkun, gbogbo Èkó ló sì ń wá fúláwà kiri. Búrẹ́dì tí à ń rà ní Apọ́ngbọ̀n ti di àdàlù ẹ̀gẹ́ àti àgbàdo, tó bá fi lè di ọjọ́ kejì, ẹni tí eyín rẹ̀ bá le nìkan ló lè jẹ ẹ́. Àwa ń sunkún pé a ò rí àlìkámà, àwọn kan lókè òkun wá ń san owó gọbọi kí wọ́n má bàa jẹ ẹ́! Mo ní ayé yìí mà le o.

Ọ̀rẹ́ mi ló mú páálí náà wá. A jọ lọ ilé ìwé ni, kó tó di pé ó lọ kọ́ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ní Lọ́ńdọ̀nù, tó sì dúró síbẹ̀. Ó wálé fún ìsinmi, ó wá kí mi nílé wa ní Ìsàlẹ̀ Èkó, níbi tí èmi, ìyá mi àti ọmọbìnrin mi, ọmọ ọdún méjì, ń gbé. Ọkọ mi ń ṣiṣẹ́ nínú ọkọ̀ ojú omi, ó máa ń pẹ́ ká tó rí i. Bàtà kékeré kan lọ̀rẹ́ mi kọ́kọ́ mú wá fún ọmọ, ṣùgbọ́n bó ṣe rí ọmọ náà, ó gbàgbé bàtà sọ́wọ́.

Kì í ṣe ẹjọ́ rẹ̀. Ẹni tó bá rí ọmọ mi nígbà náà á kọ́kọ́ gbójú kúrò. Ikùn rẹ̀ yọ síwájú gbọ̀ngbọ̀n, itan rẹ̀ ò ju ọrùn ọwọ́ mi lọ, awọ ìdí rẹ̀ ti hun jọ bíi ti arúgbó. Ìgbẹ́ gbuuru ò dá. Kì í rẹ́rìn-ín, kì í rìn, orí itan ìyá mi ló máa ń wà látàárọ̀. A ti lọ sí ọsibítù títí ẹsẹ̀ wa fi fẹ́rẹ̀ẹ́ bó. Wọ́n fún un lóògùn aràn, wọ́n fún un ní omi oníyọ̀ àti ṣúgà, wọ́n ní kí n máa fún un lóúnjẹ gidi. Àbí kí ni wọ́n rò pé mò ń fún un? Lójoojúmọ́ tí mo bá ń lọ sí Ìdúmàgbò, níbi tí mo ti ń ta bọ́tìnì àti òwú ìránṣọ, ohun kan ṣoṣo ló máa ń wà lọ́kàn mi: tí mo bá padà dé, ṣé màá bá a láàyè?

Ìyá mi ló ń bọ́ ọ, búrẹ́dì sì ni ó fi ń bọ́ ọ. Ẹ jẹ́ kí n sọ irú ènìyàn tí ìyá mi jẹ́. Ọmọ Àgùdà ni, lára àwọn tí baba ńlá wọn ti Bràsíìlì padà wálé. Búrẹ́dì ni ìyá tó bí i ṣe tà, òun náà ló sì ṣe tà títí ẹ̀yìn rẹ̀ fi kọ iṣẹ́. Ààrò amọ̀ rẹ̀ ṣì wà lẹ́yìnkùlé. Lójú tirẹ̀, kò sí àìsàn tí búrẹ́dì rírọ̀ tí a rẹ sínú mílíìkì gbígbóná ò lè wò. Ta ló máa bá a jiyàn? Ẹni tó bá ń ṣàìsàn ládùúgbò wa, búrẹ́dì náà ni gbogbo ènìyàn fi ń lọ kí i. Nítorí náà, nígbà tí fúláwà di góòlù, ìyá mi lọ bá àwọn oníbàárà rẹ̀ àtijọ́ ní Òkè Àrin, ó bẹ̀ wọ́n títí, ó rí ìlàjì àpò ojúlówó fúláwà gbà, ó sì tì í sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ti ọmọ-ọmọ rẹ̀ nìkan ni. Èmi gan-an, tí mo bá wo apá ibẹ̀, á ní kí ni mò ń wá.

Ọ̀rẹ́ mi jókòó, ó ń wo bí ìyá mi ṣe ń fi ṣíbí bọ́ ọmọ. Ó bẹ̀rẹ̀ sí bi mí ní ìbéèrè. Nígbà tó ń mu ọmú nìkan, báwo ló ṣe rí? Mo ní ó sanra, kò sí ẹni tí kì í fẹ́ gbé e. Ìgbà wo ló wá bẹ̀rẹ̀ sí rù? Mo ronú díẹ̀, mo ní ó tó ìgbà tí a bẹ̀rẹ̀ sí fún un ní búrẹ́dì. Ó mí kanlẹ̀. Ó dìde, ó ní òun ń bọ̀.

Ọjọ́ kejì ló gbé páálí náà dé, ìyẹ̀fun búrẹ́dì tí wọ́n ń rò mọ́ ọ̀gẹ̀dẹ̀ ló wà nínú rẹ̀. Ó ní ọmọ òun ọkùnrin lòun kó irú rẹ̀ bọ̀ láti Lọ́ńdọ̀nù fún.

"Màmá, ẹ má bínú sí mi," ló sọ fún ìyá mi. "Búrẹ́dì yìí ló ń ṣe ọmọ yìí."

Ìyá mi gbé ṣíbí sílẹ̀. "Báwo ni búrẹ́dì ṣe ń ṣe ènìyàn?"

"Àlìkámà inú ẹ̀ ni, Màmá. Inú àwọn kan ò gbà á. Ńṣe ló máa ń ba ìfun wọn jẹ́, gbogbo oúnjẹ tí wọ́n bá jẹ á kàn máa kọjá lọ ni. Ọmọ tèmi náà ní in. Díẹ̀ ló kù kó kú mọ́ mi lọ́wọ́."

Ìyá mi bú sẹ́rìn-ín. "Búrẹ́dì! Búrẹ́dì tí Jésù fọwọ́ ara ẹ̀ bù fún wọn! Ìwọ ọmọ yìí, òtútù ìlú òyìnbó ti wọ̀ ẹ́ lórí."

Èmi náà fẹ́ rẹ́rìn-ín, àfi bí mo ṣe rí omi lójú ọ̀rẹ́ mi. Ẹ̀rín náà gbẹ mọ́ mi lẹ́nu. Mo ní, "Màmá, ẹ jẹ́ ká gbìyànjú ẹ̀ wò."

"Fúláwà tí kì í ṣe fúláwà? Kí èmi fi ṣe búrẹ́dì?" Ó wo páálí náà tìkà-tẹ̀gbin. Ṣùgbọ́n nígbà tí ọ̀rẹ́ mi ní òun á ṣe é fúnra òun, ìyá mi dìde fùú. Kò sẹ́ni tó máa dáná sínú ààrò òun nígbà tóun ṣì wà láyé.

Mo lọ ra ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ ní Apọ́ngbọ̀n. Ọ̀rẹ́ mi ti kìlọ̀ pé èyí tó ti pọ́n jù, tí èèpo rẹ̀ ti dúdú, ni kí n rà. Obìnrin tó ń tà á rò pé mò ń fi òun ṣe yẹ̀yẹ́ ni. Mo délé, mo gún ọ̀gẹ̀dẹ̀ náà kúnná nínú abọ́, a fọ́ ẹyin sí i, a da òróró lé e, ọ̀rẹ́ mi da ìyẹ̀fun inú páálí sí i, ìyá mi sì gba ṣíbí ìrokà lọ́wọ́ wa.

"A ò ní pò ó?"

"Rárá o, Màmá. Kẹ́ ẹ kàn rò ó pọ̀ ni."

"A ò ní fi sílẹ̀ kó wú?"

"Inú ààrò ló ti máa wú."

"Àkàrà lẹ fẹ́ ṣe nígbà yẹn, ẹ ò sọ." Ó fi ìka méjì mú nínú rẹ̀, ó fà á. Ó já. Ó fi hàn mí. "Ṣé o rí i? Kò fà. Ohun tí kò fà, báwo ló ṣe fẹ́ dìde?"

Ó gbé ọ̀kan nínú àwọn páànù búrẹ́dì rẹ̀ jáde, ó fi bọ́tà pa á nínú, ó sì ki ọwọ́ bọ fúláwà abẹ́ bẹ́ẹ̀dì láti fi wọ́n ọn, kí búrẹ́dì má bàa lẹ̀ mọ́ ọn. Gbogbo oníbúrẹ́dì ló ń ṣe bẹ́ẹ̀. Kò rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Ọ̀rẹ́ mi fò dìde, ó gbá ọwọ́ ìyá mi mú.

Mi ò tíì rí ẹni tó di ìyá mi lọ́wọ́ mú rí, bàbá mi pàápàá kò tó bẹ́ẹ̀.

"Tú ọwọ́ mi sílẹ̀," ni ìyá mi wí jẹ́jẹ́, èyí tó burú ju ariwo lọ.

Ọ̀rẹ́ mi tú u sílẹ̀, ó kúnlẹ̀. "Ẹ jọ̀ọ́, Màmá. Fúláwà ò gbọ́dọ̀ kàn án rárá, bó ti wù kó kéré tó. Àwọn páànù yìí náà, ó ti wọ inú wọn. Ẹ bá mi fọ ọwọ́ yín pẹ̀lú."

"Ọwọ́ tí mo fi bọ́ gbogbo àdúgbò yìí lo wá sọ di májèlé?"

Mo mọ̀ pé ó máa lé e jáde. Mo ti ń wá ohun tí màá sọ. Ṣùgbọ́n ìyá mi yíjú, ó wo ọmọ lórí ẹní. Pẹ̀lú gbogbo ariwo yẹn, ọmọ náà ò gbé orí sókè. Ó kàn dùbúlẹ̀ bẹ́ẹ̀, ó lajú sílẹ̀. Ìyá mi jáde lọ síbi omi, ó fi ọṣẹ fọ ọwọ́ rẹ̀ dé ìgúnpá, ó padà wọlé, ó sì yọ ìkòkò tuntun kan tí a ò tíì fi se nǹkan kan rí. "Bí a gún iyán nínú ewé, tí a se ọbẹ̀ nínú èèpo ẹ̀pà," ó ń kùn, "ẹni tó máa yó á yó."

Ohun tó ti inú ààrò jáde kò jọ búrẹ́dì. Ó kúrú, ó dúdú, ó sán lórí. Àmọ́ òórùn rẹ̀ gba gbogbo ilé kan. Ìyá mi fi ìka gbá a nídìí bó ṣe máa ń ṣe sí búrẹ́dì tirẹ̀, ó mi orí pé kò dún. Ó já díẹ̀ sẹ́nu. "Ó dùn," ló wí, bí ẹni tí wọ́n fipá gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu rẹ̀. Ọmọ jẹ díẹ̀, ó sì sùn.

Ọ̀rẹ́ mi ní títí òun á fi padà sí Lọ́ńdọ̀nù, kí á má fún un ní búrẹ́dì mìíràn. Ìrẹsì, iṣu, ẹ̀kọ, àkàrà, èyí tó bá wù wá, àti èyí tó wà nínú páálí. Ìyá mi gbà. Ó ní òun gbà kí ojú lè ti àwa méjèèjì ni.

Ìgbẹ́ gbuuru kọ́kọ́ dá. Mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni, ẹ̀rù ń bà mí. Ikùn bẹ̀rẹ̀ sí fà. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan mo ti Ìdúmàgbò dé, mo rí ọmọ mi lórí ìdúró lẹ́nu ọ̀nà, ó fọwọ́ ti ògiri. Ó wò mí lójú. Ó ní, "Mo fẹ́ jẹun." Ọmọ tí a ń fipá bọ́! Báàgì bọ́ lọ́wọ́ mi, bọ́tìnì dà kálẹ̀ ní gbogbo ọ̀ọ̀dẹ̀, mo fi igbe bọnu. Àwọn ará ilé tú jáde, àwọn kan ti ń sunkún bọ̀, nítorí wọ́n rò pé ó ti kú ni. Nígbà tí wọ́n rí i lórí ẹsẹ̀ rẹ̀, ẹnu wọn ò lè padé. Orin ọpẹ́ la bú sí. Ìyá mi nìkan ni kò jáde sí wa. Ẹ̀yìnkùlé ló wà.

Mo rò pé ojú ló ń tì í. Mo tún ń fi í ṣẹ̀fẹ̀ pé kó gbà pé Lọ́ńdọ̀nù ti na Ìsàlẹ̀ Èkó. Ó ń bọ́ ọmọ, ó ń wẹ̀ ẹ́, kò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀.

Nígbà tí ọ̀rẹ́ mi wá dágbére, ìyá mi bi í léèrè. "Àrùn yìí, ṣé ó máa ń wà nínú ẹ̀jẹ̀? Ṣé ó lè wà nínú ìdílé kan?"

"Ó lè rí bẹ́ẹ̀, Màmá. Ó máa ń rìn nínú ẹbí."

Ìyá mi dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó sìn ín dé ẹnu ọ̀nà, ó súre fún un. Nígbà tí mo wá a dé ẹ̀yìnkùlé, orí àpótí ni mo ti bá a.

"Jókòó," ó ní. "Àwọn mẹ́ta ló ṣáájú ẹ."

Mo mọ̀ pé àwọn kan ti wà. A kì í sọ ọ́ nílé wa ni.

"Gbogbo wọn ló sanra nígbà tí wọ́n ń mu ọmú. Bí mo bá ti já wọn lẹ́nu ọmú, búrẹ́dì ni mo fi ń rẹ̀ wọ́n lẹ́kún. Inú wọn á wú, ẹsẹ̀ wọn á rù, wọ́n á lọ. Àwọn ará ilé ní àbíkú ni. Èmi náà gbà bẹ́ẹ̀. Nígbà tí ìkẹta lọ, mo dúró ti oorì ẹ̀, mo bú u. Mo pè é ní ìkà. Mo ní kó má padà wá fìyà jẹ mí mọ́." Ó na ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì síwájú, ó ń wò wọ́n. "Ebi ló ń pa á. Ebi ń pa ọmọ mi, mo sì ń ki búrẹ́dì bọ̀ ọ́ lẹ́nu."

Mo ní, "Màmá, ẹ ò mọ̀."

"Mi ò mọ̀."

Mo fẹ́ di ọwọ́ rẹ̀ mú, ó fà á sẹ́yìn. Mi ò mọ ohun tó gbé mi débi tí mo fi bèèrè, "Èmi wá ńkọ́? Báwo lèmi ṣe yè?"

Ó gbójú sókè wò mí.

"Ìwọ ò jẹ ẹ́. Tí mo bá ti fi sí ẹ lẹ́nu, wàá tu ú dànù, wàá pa ẹnu dé. Ojú ń tì mí níwájú àwọn oníbàárà mi pé ọmọ oníbúrẹ́dì kì í jẹ búrẹ́dì." Ó tún wo ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì. "Ẹ̀mí ẹ lò ń dù, mo sì ń nà ẹ́ nítorí ẹ̀."